Ọjọ́ Mẹ́ta Àkọ́kọ́ Tí Sìgá Bá Kúrò Lọ́wọ́

Ọ̀rọ̀ ìlera orí rédíò fún àwọn ará abúlé àti ìlú kéékèèké agbègbè Ìbàdàn

Àwọn tó ń fa sìgá ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ lónìí, pàápàá àwọn tó ti ń rò ó pé àwọn fẹ́ jáwọ́ ńbẹ̀ àmọ́ tí ẹ̀rù ń bà wọ́n. N ò ní bú ẹnikẹ́ni. Ìyàwó ti bú yín nílé, pásítọ̀ àti ààfáà ti fi yín ṣe wàásù. Bó bá jẹ́ pé èébú ló ń gba sìgá lọ́wọ́ èèyàn ni, àwọn tó ń tà á láti Mọ́níyà títí dé Àkànrán ì bá ti kó ìsọ̀ wọn wọlé tipẹ́.

Kò sí ẹni tí ò mọ̀ pé sìgá ò dáa. Ó ti pẹ́ tí iléeṣẹ́ ìlera ìjọba àpapọ̀ ti ní kí wọ́n máa kọ ọ́ sára páálí pé àwọn tó ń fà á lè kú ní kékeré, ọmọ iléèwé á sì kà á sí bàbá rẹ̀ létí. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá jókòó ti àwọn tó ń fà á, lábẹ́ igi ní Lálúpọn tàbí ní gáréèjì Ìyànà Ọfà, tẹ́ ẹ wá bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò fi í sílẹ̀, èsì tẹ́ ẹ máa gbọ́ jù ni pé: "Ó ti wọ̀ mí lára. Tí n bá já a sílẹ̀ lójijì, àìsàn ló máa dà." Ẹlòmíì á tún fi ìtàn tì í: bàbá kan wà lábúlé kejì, ó ti ń fa sìgá láti ogójì ọdún, àwọn ọmọ ní kó fi í sílẹ̀, ó fi í sílẹ̀, oṣù kẹta ni wọ́n sin ín.

Mo gbà pé irú bàbá bẹ́ẹ̀ wà. Kódà, ó wà ní abúlé tó pọ̀. Ohun tí ìtàn náà kì í sọ ni ìdí tí bàbá fi jáwọ́. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tó ń fi sìgá sílẹ̀ lẹ́yìn ogójì ọdún, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ni wọ́n gbọ́. Èémí ni kò gòkè mọ́. Ikọ́ ò jẹ́ kí wọ́n sùn, okun ò sí, wọ́n ń rù, sìgá fúnra rẹ̀ ti ń korò lẹ́nu wọn. Kí sìgá tó kúrò lọ́wọ́ bàbá, ohun tó máa pa á ti jókòó sínú àyà ẹ̀. Àwọn èèyàn wá rí ọjọ́ tó jáwọ́, wọ́n rí ọjọ́ tó kú, wọ́n so méjèèjì pọ̀, wọ́n sì dá ohun tó ti ń pa á bọ̀ láti ogójì ọdún láre.

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí ò ju ẹyọ kan lọ. Ohun tí ara ń ṣe lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá fi sìgá sílẹ̀, ó nígbà tó ń bẹ̀rẹ̀, ó nígbà tó ń le, ó sì nígbà tó ń rọ̀. Ẹni tó bá mọ ìgbà wọ̀nyẹn ò ní sáré padà sídìí ẹ̀ torí pé orí fọ́ ọ lọ́jọ́ kejì.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látinú sìgá fúnra ẹ̀. Ewé tábà ni. Àwa ará Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ò lè ṣe bíi pé a ò mọ̀ ọ́n: Ìsẹ́yìn àti àwọn ìlú kan ní Òkè-Ògùn ti ń gbin ewé ọ̀hún tipẹ́, láti ọdún 1937 ni wọ́n sì ti dá iléeṣẹ́ tó ń ṣe sìgá sílẹ̀ ní Ìbàdàn, ní 2003, British American Tobacco tún ṣí iléeṣẹ́ ńlá mìíràn nílùú yìí kan náà. Àwọn kan rí iṣẹ́ ṣe níbẹ̀, n ò jiyàn. Ohun tó wà nínú ewé náà tí kì í jẹ́ kéèyàn lè jáwọ́ ni níkotíìnì. Téèyàn bá fa èéfín sínú, ìṣẹ́jú-àáyá bíi mẹ́wàá ni níkotíìnì fi ń dé ọpọlọ. Ara á balẹ̀, ojú á là. Àmọ́ kì í pẹ́ níbẹ̀. Láàárín nǹkan bíi wákàtí méjì, ìdajì ẹ̀ á ti kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, ọpọlọ tó sì ti mọ́ lára á bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè òmíràn. Inú bíbí àti ara wúwo tí ẹ fi sìgá àárọ̀ pa, sìgá alẹ́ àná ló dá a sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń rẹ́rìn-ín tí wọ́n bá ní sìgá ń fọkàn àwọn balẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá pa èyí tó kẹ́yìn, ara ò ní dúró di ọ̀la kó tó bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe. Láàárín 20 ìṣẹ́jú, ọkàn tó ń sáré á ti máa rọra lù. Gáàsì kan tún wà nínú èéfín sìgá tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ gbé atẹ́gùn bó ṣe yẹ. Gáàsì yẹn kan náà ló ń pa àwọn tó gbé jẹnẹrétọ̀ sínú ilé tí wọ́n sì ti ilẹ̀kùn sùn. Ẹ ti gbọ́ irú ẹ̀ nínú ìròyìn. Kó tó di ọjọ́ kan sí méjì, èyí tí sìgá kó sínú ẹ̀jẹ̀ yín á ti jáde. Àsìkò náà ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń kíyè sí i pé imú àwọn tún ti ń gbọ́ òórùn, pé irú inú ọbẹ̀ ń ta sánsán, pé ìyàwó kì í fi iyọ̀ du ọbẹ̀ tó bí àwọn ṣe rò.

Ọjọ́ kejì àti ọjọ́ kẹta yìí kan náà ló sì le jù. N ò ní tàn yín. Níkotíìnì ti tán lára, ọpọlọ ò sì tíì gbà pé kò ní í padà wá. Orí á máa fọ́. Inú á máa bí yín sí ohun tí kò tó bínú sí: ọmọ tó ń wọ́ bàtà nílẹ̀, adìyẹ tó yà sínú àgbàdo tẹ́ ẹ sá. Ọwọ́ á máa wá ohun tó máa dì mú. Ẹ óò sùn, oorun á já láàjìn. Ẹ óò gbé àdá, ẹ óò wá gbàgbé ohun tẹ́ ẹ fẹ́ fi ṣe. Ebi á máa pa yín lásìkò tí kì í ṣe àsìkò oúnjẹ. Lẹ́yìn ọjọ́ kẹta, á bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin, èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ á ti lọ. Ebi yẹn ló máa ń pẹ́ díẹ̀ sí i, ẹlòmíì á sì sanra. Ká sanra díẹ̀ kò burú tó ká máa mí hẹlẹhẹlẹ.

Ní agbègbè wa, tí orí bá ti fọ́ èèyàn, ibà ni. A ó gbé agbo, a ó ra oògùn ní kẹ́míìsì; tí kò bá lọ, ẹni tó fi sìgá sílẹ̀ á ní ó ti yé òun, sìgá lara òun ń bẹ̀. Àmì kan rèé tẹ́ ẹ lè fi mọ̀ ọ́n yàtọ̀: fífi sìgá sílẹ̀ kì í mú ara gbóná. Tí ara bá gbóná, tí òtútù ń mú yín tí ẹ ń gbọ̀n, ẹ lọ sí sẹ́ńtà ìlera kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò fún ibà. Ibà ni kẹ́ ẹ wò. Ẹ má fi sìgá wò ó.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí obì, torí n kì í gbọ́ kí wọ́n mẹ́nu bà á. Ọ̀pọ̀ tó fi sìgá sílẹ̀ lábúlé, obì ni wọ́n fi ń rọ́pò ẹ̀. Ọdẹ tó ń ṣọ́ ọjà lóru ń jẹ ẹ́, awakọ̀ tó ń ná Ìbàdàn sí Ìwó ń jẹ ẹ́. Kò sí níkotíìnì nínú obì, ẹnu sì rí ohun rún. Àmọ́ ohun tó wà nínú kọfí tí kì í jẹ́ kéèyàn sùn wà nínú obì náà. Èéfín sìgá a máa mú kí ẹ̀dọ̀ tètè gbá ohun yìí kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, ni ẹni tó ń fa sìgá ṣe lè jẹ obì mẹ́ta kó sì tún sùn fọnfọn. Lọ́sẹ̀ tó bá fi sìgá sílẹ̀, ẹ̀dọ̀ ò yára bẹ́ẹ̀ mọ́. Obì mẹ́ta yẹn náà lè wá ṣe bíi mẹ́fà lára ẹ̀. Àyà á máa já, ọwọ́ á máa gbọ̀n, ilẹ̀ á mọ́ sójú ẹ̀. Òun á ní àìfa sìgá ló fà á, ó sì lè jẹ́ obì ni. Ìmọ̀ràn mi ni pé lọ́sẹ̀ tẹ́ ẹ bá jáwọ́, ẹ dá obì tẹ́ ẹ ń jẹ sí méjì, kẹ́ ẹ jẹ ìdajì, kẹ́ ẹ má sì fẹnu kàn án mọ́ lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Bẹ́ẹ̀ ni kọfí, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn ohun mímu inú agolo tí àwọn ọlọ́kadà fi ń lé oorun.

Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ńkọ́? Ẹ má bínú, orí rédíò la wà, àmọ́ ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọkùnrin kan ò lè lọ sẹ́yìnkùlé láàárọ̀ tí kò bá tíì tanná sí sìgá. Níkotíìnì ló ń ta ìfun jí. Tí kò bá sí mọ́, ìfun á lọ́ra fún bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, inú á le. Omi ni kẹ́ ẹ máa mu, kẹ́ ẹ jẹ ìbẹ́pẹ, ọsàn àti ẹ̀fọ́ dáadáa. Oko tí à ń rìn lọ yìí náà á ràn yín lọ́wọ́. Kò dé ibi kéèyàn máa gbé agbo jẹ̀díjẹ̀dí olọ́tí lójoojúmọ́.

Ikọ́ ló ń dẹ́rù bani jù. Ẹni tí kì í wúkọ́ púpọ̀ nígbà tó ń fa sìgá lè fi í sílẹ̀ tán kó wá máa wúkọ́, kó máa tu kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tó dúdú. Irun wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́ kan wà nínú ọ̀nà tí èémí ń gbà, ojú ò lè rí i. Iṣẹ́ ẹ̀ ni láti máa gbá eruku àti kẹ̀lẹ̀bẹ̀ bọ̀ lókè ká lè tu ú dànù. Èéfín sìgá ti pa á lẹ́nu mọ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Nígbà tí èéfín dáwọ́ dúró, ó jí, ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í kó ohun tó ti ń kó jọ sísàlẹ̀ jáde. Ikọ́ yẹn ò gbọ́dọ̀ dá yín padà. Àmọ́ ó ní irú ikọ́ tí kì í ṣe tàwàdà, mo máa padà sórí ẹ̀ kí n tó dágbére.

Ibo wá ni a ti rí i pé jíjáwọ́ lójijì ń pani? Mo rò pé ọ̀dọ̀ ọtí ni ọ̀rọ̀ náà ti wá. Ẹni tó ti ń fi ògógóró fọ ẹnu láràárọ̀ láti ọdún pípẹ́, tó bá dá a dúró lọ́jọ́ kan ṣoṣo, gìrì lè gbé e, ó sì lè kú. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ rí dókítà kó tó dá ọtí dúró. Sìgá ò rí bẹ́ẹ̀. Fífi í sílẹ̀ lójijì a máa nini lára, kì í pani. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n gbé ìwádìí kan jáde ní 2016 lórí bí 700 èèyàn tó fẹ́ jáwọ́: wọ́n ní kí àwọn kan máa dín in kù fún ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n ní kí àwọn yòókù gé e lọ́jọ́ kan. Nígbà tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, 49 nínú 100 àwọn tó gé e lẹ́ẹ̀kan ni kò tíì fà á, nígbà tó jẹ́ 39 nínú 100 àwọn tó ń dín in kù. Àwa máa ń sọ pé díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Òótọ́ ni. Bí sìgá ṣe ń wọlé padà náà nìyẹn.

Ẹ̀yin Mùsùlùmí ò tiẹ̀ nílò ìwádìí Gẹ̀ẹ́sì kankan. Ẹ ti ń ṣe é lọ́dọọdún. Láti sààrì títí di ìṣínu, wákàtí bíi mẹ́tàlá ni, oṣù kan gbáko, sìgá ò kan ètè. Nínú oòrùn, nídìí ebè, pẹ̀lú ebi. Kò sẹ́ni tó kú. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni pé bí wọ́n bá ti fi dàbínù ṣínu tán, sìgá ló kàn. Àmọ́ ẹ wò ó: apá tó pọ̀ jù nínú ọjọ́ kìíní lẹ ti kọjá yẹn kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹni tó bá fẹ́ jáwọ́, ìbẹ̀rẹ̀ Rámádàn dára púpọ̀. Ẹ̀yin ọmọ ìjọ náà ní ààwẹ̀ àti ìṣọ́ òru tẹ́ ẹ fi ń mọ̀ pé ó ṣeé ṣe.

Ọjọ́ tí èèyàn bá mú ṣe pàtàkì. Ẹ má mú un sí ọ̀sẹ̀ ìsìnkú àna yín. Ẹ má mú un sí ọ̀sẹ̀ Iléyá, nígbà tí gbogbo àwọn tẹ́ ẹ jọ dàgbà ti wálé láti Èkó, tí ìgò ọtí wà nílẹ̀. Ẹ mú ọ̀sẹ̀ tí iṣẹ́ wà lóko, tí ọwọ́ á dí. Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ẹ̀, ẹ kó èyí tó kù dà sínú ṣáláńgá, ẹ kó láítà àti ìṣáná àpò ẹ̀wù fún ìyàwó kó máa fi dáná. Ẹ fọ ẹ̀wù oko tó ń rùn.

Ìsọ̀ tí wọ́n ti ń tà á ló wá kù. Òfin kan wà láti 2015, Ààrẹ Goodluck Jonathan ló fọwọ́ sí i, tó ní wọn ò gbọdọ̀ ta sìgá lẹ́yọ lẹ́yọ mọ́, odindi páálí tó ní ogún nínú ni kí wọ́n máa tà, wọn ò sì gbọdọ̀ tà á fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 18. Ẹ jáde síta, kẹ́ ẹ lọ wo ìsọ̀ tó sún mọ́ yín. Tábìlì kékeré, súìtì nínú ike, páálí sìgá kan tí wọ́n ti ya lórí tó ku mẹ́rin nínú. Láítà kan á wà lára ẹsẹ̀ tábìlì, wọ́n á fi okùn so ó mọ́ ọn, afẹ́fẹ́ á máa yí i síwá sẹ́yìn. N ò kórìíra ohunkóhun lọ́nà ọjà tó okùn láítà yẹn. Ẹni tó ti sọ láítà tirẹ̀ nù nílé, ọ̀fẹ́ ló rí níbẹ̀. Tó bá jẹ́ pé dandan ni kó ra ogún ni, á rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ẹyọ kan kì í jẹ́ kéèyàn ro ohunkóhun. Lọ́sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ẹ gba ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé lọ sílé. Ẹ má tijú.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ìdí ọlọ́páràga. Àwọn tó ń mu páràga láàárọ̀ ní gáréèjì mọ̀ pé ife kan àti sìgá kan kì í yara. Ọtí a máa sọ ìpinnu di yẹpẹrẹ; mélòó nínú àwọn tó padà sídìí sìgá ni kì í ṣe ìdí ọtí tàbí ìdí ẹmu ni wọ́n ti padà? Tẹ́ ẹ bá lè yẹra fún un títí oṣù kan á fi pé, ẹ ti ran ara yín lọ́wọ́. Tó bá jẹ́ iṣẹ́ àáró lẹ jọ ń ṣe, tí àwọn kan sì máa ń tanná sí i nígbà ìsinmi, ẹ lọ jókòó ti àwọn tí kì í fà á. Wọ́n pọ̀ jù yín lọ. Nígbà tí wọ́n ka iye àwọn tó ń lo tábà ní Nàìjíríà ní 2012, nínú 100 ọkùnrin tó ti dàgbà, 10 péré ni. Nínú 100 obìnrin, bí ẹnì kan. Ọ̀dọ̀ àwọn 90 lẹ ń lọ yẹn.

Obìnrin tí mo sọ yẹn ń rán mi létí ẹ̀yin ìyá àgbà wa. Aáṣáà tẹ́ ẹ ń fín símú, tábà tẹ́ ẹ ń fi káún sí tẹ́ ẹ wá ń kì bọ ẹ̀rẹ̀kẹ́, níkotíìnì ni tiyín náà. Kò ní èéfín, àmọ́ ó ní ohun tó ń fa àrùn jẹjẹrẹ ẹnu. Gbogbo ohun tí mo ń sọ nípa ọjọ́ kejì àti ọjọ́ kẹta kàn yín.

Nígbà tí ọkàn bá fà sí i, kì í pẹ́ tó bó ṣe ń jọ lójú ẹni. Ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún ni lọ́pọ̀ ìgbà, ó ṣọ̀wọ́n kó tó mẹ́wàá, ẹ fà á o, ẹ ò fà á o, ó máa lọ. Ẹ wá ohun tí ọwọ́ àti ẹnu á fi ìṣẹ́jú yẹn ṣe. Ẹ rọra mu omi tútù. Ẹ kọ ebè kan sí i. Tẹ́ ẹ bá ti jẹ àmàlà tán, ibẹ̀ ni sìgá ti máa ń dùn mọ́ni jù, ẹ dìde lójú ẹsẹ̀, ẹ má jókòó ti abọ́. Orín ata dáa púpọ̀: bó ṣe ń ta ahọ́n yẹn, ẹnu á gbàgbé ohun mìíràn, ọwọ́ á sì rí ohun dì mú. Nínú àpò tí sìgá máa ń wà tẹ́lẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi í sí. Oògùn tún wà, ṣingọ́ọ̀mù àti àlẹ̀mọ́ra tó ní níkotíìnì díẹ̀ láìsí èéfín. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kà á mọ́ àwọn oògùn tó ṣe kókó láti 2009, ó sì ń ran èèyàn lọ́wọ́. Kò sí ní kẹ́míìsì abúlé, ó sì wọ́n. Tí ẹnì kan nínú ẹbí bá lè bá yín bèèrè rẹ̀ ní ilé ìpoògùn ńlá nígboro, kó bi apoògùn léèrè bí wọ́n ṣe ń lò ó. Ẹni tó ń lo oògùn àrùn ọpọlọ tàbí ti ìtọ̀ ṣúgà, kó sọ fún dókítà ẹ̀ pé òun ti fi sìgá sílẹ̀, torí ó lè gba pé kí wọ́n yí ìwọ̀n oògùn ọ̀hún padà.

Àwọn bàbá kan á ní, "Mo ti pé ọgọ́ta, kí ló tún kù?" Olùwádìí ìlera kan, Richard Doll, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé àwọn dókítà ọkùnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1951, wọ́n sì tẹ̀ lé wọn fún 50 ọdún. Àbọ̀ tí wọ́n jẹ́ ní 2004 ni pé àwọn tó fa sìgá títí dọjọ́ ikú fi bí ọdún 10 ṣáájú àwọn tí kò fà á rí kú. Ẹni tó jáwọ́ ní ọmọ ọdún 60 gba bí ọdún 3 padà. Ní 50, ọdún 6. Ní 40, ọdún 9. Ẹni tó jáwọ́ ní 30 fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo ẹ̀. Ọdún mẹ́ta kì í ṣe kékeré fún ẹni tó fẹ́ rí ìgbéyàwó ọmọ-ọmọ ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó náà ńkọ́? Ẹ̀yin ará Àkànrán, ẹ̀yin lẹ ni Táfà Adéoyè, aṣáájú àwọn àgbẹ̀. Ní 1968 sí 1969, nígbà tí owó-orí ju agbára àgbẹ̀ lọ, ẹ̀yin àti àwọn àgbẹ̀ agbègbè yìí kọ̀ jálẹ̀, gbogbo Nàìjíríà fi mọ orúkọ Àgbẹ́kọ̀yà. Owó-orí ni sìgá náà, àfi pé fúnra ẹni lèèyàn ń gbé e lọ bá agbowó-orí. Ẹni tó ń fa mẹ́wàá lóòjọ́ ń fa 3,650 lọ́dún, páálí 182 àti ààbọ̀ nìyẹn. Ẹ mú iye tí wọ́n ń ta ẹyọ kan ládùúgbò yín, ẹ sọ ọ́ di ọ̀nà 3,650, kẹ́ ẹ wá wo iye àpò ajílẹ̀ tó máa rà. Kò sí agbófinró lẹ́yìn owó-orí yìí.

Ẹ̀yin aya, ẹ gbọ́ o. Ọkọ tó wà lọ́jọ́ kejì tàbí ìkẹta lè jágbe mọ́ yín láìnídìí. Ẹ jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ yẹn kọjá. Ẹ má máa gbóòórùn ẹnu ẹ̀ nígbà tó bá wọlé, ẹ má sì ka ọjọ́ fún un níwájú àlejò. Oúnjẹ àsìkò àti ẹ̀pà díẹ̀ nínú àpò á ṣiṣẹ́ ju wàásù lọ. Tó bá jẹ́ pé ńṣe ló ń nà yín, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ sìgá rárá, ẹ fi tó ẹbí àti àwọn àgbà létí.

Ẹni tó sì jáwọ́ tó tún fà á ńkọ́? Ó lọ síbi ìsọmọlórúkọ, ọ̀rẹ́ na ẹyọ kan sí i, ó gbà á. Ó ń bọ̀ nílé, ó ní gbogbo ẹ̀ ti bàjẹ́, ó ra mẹ́ta sí i. Mẹ́ta yẹn ló ba nǹkan jẹ́, kì í ṣe ẹyọ àkọ́kọ́. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ti fi í sílẹ̀ pátápátá lónìí, ìgbà àkọ́kọ́ kọ́ ni wọ́n jáwọ́. Tó bá ṣẹlẹ̀ sí yín, ẹ má ra òmíràn, ẹ wo ibi tó ti mú yín, kẹ́ ẹ má gba ibẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an lẹ óò tún bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀.

Ó wá kan ikọ́ tí mo ní mo máa padà sí. Ikọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sìgá sílẹ̀ a máa rọ̀ bí ọjọ́ ṣe ń lọ. Tí ikọ́ bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì tí kò rọ̀, tí ẹ̀jẹ̀ ń bá kẹ̀lẹ̀bẹ̀ jáde, tí òógùn ń bo yín lóru, tí ara ń rù, tàbí tí àyà ń dùn yín ṣáá, ẹ má fi ọ̀rọ̀ tí mo sọ lónìí tu ara yín nínú. Ó lè jẹ́ ikọ́ ẹ̀gbẹ, èyí tí wọ́n ń pè ní TB, ó máa ń tètè mú àwọn tó ń fa sìgá. Ó sì lè jẹ́ ohun mìíràn nínú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ lọ sí sẹ́ńtà ìlera ìjọba ìbílẹ̀ yín. Tó bá gba pé kí wọ́n rán yín síwájú, ilé ìwòsàn àìsàn àyà ti ìjọba wà ní Jẹ́ríkò nígboro Ìbàdàn. Ọ̀fẹ́ ni àyẹ̀wò àti oògùn TB nílé ìwòsàn ìjọba. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì iye ọdún tẹ́ ẹ fi fa sìgá àti ọjọ́ tẹ́ ẹ fi í sílẹ̀, ẹ má fi pamọ́ nítorí ìtìjú.